Àwọn ọmọ fẹ́ràn ẹ gan-an, ṣùgbọ́n pépà dà?

Yunifásítì ni mo ti ń kọ́ni. Ọ̀gá mi pè mí fún appraisal (àyẹ̀wò bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́) lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ka gbogbo oore tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ nípa mi sí mi létí, orí mi ń wú, àfi bó ṣe pa fáìlì dé tó ní, "Ṣùgbọ́n pépà dà?" Ìwádìí tí mo kọ tí wọ́n tẹ̀ jáde ló ń béèrè. Ẹ gbà mí o! Publish or perish (tẹ ìwádìí jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ o ò ní gòkè) tí mo rò pé mo fi sílẹ̀ nílé, àṣé ó ti gba físà ṣáájú mi.

Ní England níbí, wọ́n ń fún yunifásítì ní Gold, Silver tàbí Bronze lórí ìkọ́ni, Teaching Excellence Framework, TEF, ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 2017, London School of Economics (LSE) pẹ̀lú gbogbo orúkọ ẹ̀, Bronze ni wọ́n fún un. Ilé ìwé ló ni Gold o, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ wẹ́ẹ̀bù, èmi tí mo dúró níwájú kíláàsì, sátífíkéètì ló kàn mí, wọ́n tún ṣi orúkọ mi kọ sórí ẹ̀. REF, Research Excellence Framework, ló ń wo ìwádìí ní tiẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń pín owó, nínú ti 2021 pépà, ìwé àti irú wọn nìkan kó 60% máàkì. Ta wá ni kò ní lé pépà?

Ọmọbìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́dọ̀ wa, statistics ló ń kọ́ wọn, mo lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì ẹ̀. Tó bá béèrè ọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mí, ó ti dáhùn ẹ̀ fúnra ẹ̀. Mo ní kó máa ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú kó tó lanu (ọgbọ́n àtijọ́ ni, Mary Budd Rowe, olùwádìí nípa ìkọ́ni, ti ṣèwádìí ẹ̀ láti àwọn ọdún 1970). Nígbà tí mo padà lọ, ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá ṣí fìlà hoodie ẹ̀, ó ní kí ló dé tí wọ́n fi ń yọ 1 kúrò nínú n (iye nọ́ńbà tí wọ́n kó jọ) kí wọ́n tó fi pín. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́! Gbogbo wákàtí yẹn, kò sí ibi tí wọ́n lè kọ ọ́ sí lórí fọ́ọ̀mù appraisal.

Màámi á ní lórí fóònù, "Ṣé wọ́n ti sọ ẹ́ di purọ́fẹ́sọ̀?" Màá ní ó kù díẹ̀, mà. Mo máa ń fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn tá a jọ wọṣẹ́ ti kọjá mi lọ, alẹ́ Sunday ni mo sì fi ń máàkì iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, tèmi á ti sùn láì rí mi. Kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Wọ́n ní èèyàn lè fi ìkọ́ni nìkan di purọ́fẹ́sọ̀ báyìí, òótọ́ ni, mo ti gba fọ́ọ̀mù ẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn láti yunifásítì míì kọ lẹ́tà pé mo mọ̀ ọ́n kọ́. Ẹni tó ń kọ pépà, wọ́n ti ka tiẹ̀ káàkiri, tèmi ńkọ́, ta ló wá jókòó sí kíláàsì mi rí nínú wọn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ fi ṣe ẹlẹ́rìí?