Oró ìgbín òkun: ìwọ̀n nìkan kò tó ẹ̀rí

Bí a bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà oró ìgbín òkun ní yàrá ìwádìí, kí a to ásíìdì àmínò 25 (àwọn èròjà tó ń so pọ̀ di okùn purotéènì) tẹ̀lé ara wọn bó ṣe yẹ, ẹ̀rọ ń ṣe ìyẹn. Inú bí okùn náà ṣe ń ká ara rẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà.

Ẹ wo ziconotide, oògùn ìrora tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2004. Inú oró Conus magus, ìgbín tó ń pẹja jẹ, ni wọ́n ti rí i ní yàrá ìwádìí Baldomero Olivera ní Yunifásítì Utah. Cysteine, ásíìdì àmínò tó ní imí-ọjọ́, mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, imí-ọjọ́ ara wọn sì ń so mọ́ra ní méjì-méjì. Ọ̀nà 15 ni wọ́n lè gbà so tán, ọ̀kan ṣoṣo ni ti ìgbín: ìkíní mọ́ ìkẹrin, ìkejì mọ́ ìkarùn-ún, ìkẹta mọ́ ìkẹfà. Èyí tó so lódì kò fi ìwọ̀n yàtọ̀ sí èyí tó so dáadáa, nítorí náà mass spectrometer, ẹ̀rọ tó ń wọn èròjà, kò lè fi ìwọ̀n nìkan dá wọn mọ̀.

Kí okùn náà lè ká dáadáa, omi púpọ̀ ni kí ẹ fi là á, kí pH (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó) wà ní nǹkan bí 8, kí oríṣi glutathione méjèèjì (èyí tó ń so imí-ọjọ́ pọ̀ àti èyí tó ń tú u) wà níbẹ̀, kí ó sì tutù. Bó bá ki jù, okùn kan á so mọ́ òmíràn dípò ara rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò. Lẹ́yìn náà, ẹ da tiyín pọ̀ mọ́ ti ìgbín, kí ẹ gbé e gba HPLC, ẹ̀rọ tó ń ya èròjà sọ́tọ̀ tó sì ń ya àwòrán wọn bí òkè. Bí òkè méjì bá yọ, kò tíì bára mu. Ẹ tún un ká.

Oró ti ìgbín náà ńkọ́? Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la máa ń fi bo ẹnu ìgò kékeré, a ó fi lẹbẹ ẹja sórí rẹ̀, ìgbín á sì ta eyín rẹ̀ wọ̀ ọ́. Máíkírólítà díẹ̀ ló ń jáde. Ẹ má fi oró tí ẹ fún jáde láti inú ọ̀nà oró rọ́pò rẹ̀: ìwádìí 2014 fi hàn pé Conus geographus, ìgbín mìíràn tó ń pẹja jẹ, ń pèsè oró ìdáàbòbò àti oró ọdẹ ní apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ọ̀nà náà. Ẹ má sì fọwọ́ lásán gbé geographus. Ó ń pa ènìyàn, kò sì sí oògùn aporó rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà kálísíọ̀mù lára iṣan ìmọ̀lára ni ziconotide ń dí. Kì í gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ẹ̀rọ fa á sínú omi eegun ẹ̀yìn. Kì í dí èémí lọ́wọ́ bíi mọ́fíìnì, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju máíkírógíráàmù 2.4 lójúmọ́, òpin rẹ̀ sì jẹ́ 19.2. Bí wọ́n bá yára fi kún un, aláìsàn á máa rí ohun tí kò sí.