Ìyá Dókítà Kó Àjọ

Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ case manager, ìyẹn ẹni tó ń bá aláìsàn ṣètò ìtọ́jú àti ìrànlọ́wọ́, fún àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ ní Houston mọ̀ pé kì í ṣe àìsàn ló máa ń tú ètò ká jù. Oníbàárà á máa gba abẹ́rẹ́ oṣooṣù rẹ̀ déédéé, á máa sùn, á máa jẹun, á máa dá wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi tó ń lọ. Lẹ́tà kan ṣoṣo á wá ti Social Security dé, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń san owó ìrànwọ́, ilé á dà rú. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Àǹtí kan níbi iṣẹ́. Títí dòní, tí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ àjọ lẹ́bàá ẹ̀, orí ló máa ń mì.

Oníbàárà rẹ̀ jẹ́ ọmọkùnrin ẹni ọdún 27, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. Yunifásítì ló wà, tó ń kọ́ bàọ́lọ́jì, nígbà tí schizophrenia mú un lọ́mọ ọdún 19. Ilé àwọn òbí rẹ̀ ló ń gbé, ó ń san ìpín tirẹ̀ nínú owó ilé, ìdí nìyẹn tí owó SSI rẹ̀, owó oṣooṣù tí ìjọba ń fún aláìlera tí kò lówó lọ́wọ́, fi pé 967 dọ́là lóṣù ní 2025.

Àǹtí dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó kúnlẹ̀ kí Màmá. Màmá béèrè ọkọ, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ẹ̀gbọ́n Àǹtí tó wà ní Ìbàdàn àti orúnkún tó ń dùn ún. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la fi ń ka àkókò lẹ́nu iṣẹ́ wa, ìkíni nìkan sì ti jẹ ọ̀kan tán. Kò síbi tí wọ́n ti ń kọ "ó kí Màmá, Màmá kí i padà" sínú àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọlé Yorùbá tó kọ́kọ́ yọ kọ̀ǹpútà jáde, omi tútù nìkan ni wọ́n máa fún un. Kò ní rí lẹ́tà kankan.

Lẹ́yìn ìkíni, Màmá dìde, ó gbé Bíbélì, ó ṣí i sí Sáàmù 35. Lẹ́tà ìjọba ló wà níbẹ̀, òróró ti rin ín gbingbin.

"Mo ti gbàdúrà sí i," ni Màmá wí. "Ọ̀tá ni."

Ọ̀tá náà ti kọ déètì sórí lẹ́tà rẹ̀: ọjọ́ mọ́kànlélógún ti kọjá. Òróró ti bo ìdajì nọ́ńbà tí wọ́n ní kí èèyàn pè, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì ṣì hàn ketekete. Wọ́n ní dúkìá ọmọ náà ju ohun tí òfin gbà lọ nínú Oṣù Kọkànlá, nítorí náà kó dá 967 dọ́là oṣù yẹn padà.

"Mà," ni Àǹtí wí, "3,600 dọ́là wo ló wọ àkáùntì yín ní 29 Oṣù Kẹwàá?"

Màmá wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Owó wo?"

"Èyí tó jáde ní ọjọ́ kẹta Oṣù Kọkànlá."

"Áà, ìyẹn! Àjọ mi ni. Kí ló kan ìjọba nínú àjọ èmi?"

Ohun tó kàn án rèé. Ẹni tó ń dá gba SSI kò gbọdọ̀ ní ju 2,000 dọ́là lọ, yálà lọ́wọ́ tàbí ní báǹkì. Ohun tó bá sì wà nínú àkáùntì bí ọjọ́ kìíní oṣù ṣe ń wọlé ni wọ́n ń kà. Owó Màmá dé lọ́jọ́ 29, ó kúrò lọ́jọ́ kẹta, àárín méjèèjì ni ọjọ́ kìíní dùbúlẹ̀ sí. Social Security kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá ṣòfófó: ẹni tó ń gba owó ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa yẹ báǹkì òun wò, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tó tún burú jù ni pé orúkọ méjì ló wà lórí àkáùntì yẹn, ti Màmá àti ti ọmọ. Ìgbà tí ọmọ ń lọ sí yunifásítì ni wọ́n ti ṣí i, ẹnikẹ́ni ò sì rántí tì í. Tí ọ̀kan nínú àwọn tó jọ ni àkáùntì bá ń gba SSI, ìjọba á gbà pé tirẹ̀ ni gbogbo owó tó wà níbẹ̀, àfi tí wọ́n bá fi ẹ̀rí hàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò fi í sínú àkáùntì tiyín gan-an?"

Màmá rẹ ohùn sílẹ̀. "Daddy ń wò ó lórí fóònù."

Àǹtí fẹ́ pe Social Security lójú ẹsẹ̀, wọn ò sì ní bá a sọ nǹkan kan àfi kí ọmọ náà wà lórí fóònù tàbí kó ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù SSA-3288. "Èmi tí mo bí i ńkọ́?" Màmá náà ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹni tó ti pé ọdún 18 ti di àgbà lójú òfin, àìsàn kì í sì í sọ àgbà di ọmọdé padà. Ọmọ náà gba bíírò, ó fọwọ́ sí i, ó padà sídìí tẹlifíṣọ̀n.

Fọ́ọ̀mù méjì ni àwọn èèyàn máa ń ṣì gbé níbí. SSA-632 ń sọ pé lóòótọ́ ni mo jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n ẹ̀bi mi kọ́, mi ò sì lágbára láti san án. SSA-561 ń sọ pé gbèsè yẹn gan-an kò sí, ẹ tún un yẹ̀ wò. 561 ni Àǹtí mú, nítorí owó olówó ni wọ́n kà mọ́ ọmọ lọ́rùn. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ṣe é kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé, wọn ò ní tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Sáàmù ti jẹ ìyókù.

Ẹ̀rí ló wá di wàhálà. Ọmọ á kọ tirẹ̀ sílẹ̀, Màmá á kọ tirẹ̀: ta ló ni owó, ta ló fi í síbẹ̀, ta ló gbà á, kí ló dé tí orúkọ fi jẹ́ méjì. Wọ́n á gba ìwé àkáùntì ní báǹkì, wọ́n á sì yọ orúkọ ọmọ kúrò. Ìwọ̀nyẹn rọrùn. Ṣùgbọ́n ìwé wo ló fi hàn pé àjọ ni àjọ? Ìwé kan ṣoṣo tó wà ni ìwé eléwé ọgọ́ta tí alájọ ń kọ ọ́ sí, alájọ sì yarí kanlẹ̀. "Kí n fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí ìjọba? Kí wọ́n wá máa gba owó orí lọ́wọ́ mi?" Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbé ìwé náà sílẹ̀.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé e dé ọ́fíìsì Social Security. Ọkùnrin ojú fèrèsé ní kí Àǹtí ka ohun tó wà níbẹ̀ fún òun. Èèyàn méjìlá, 300 dọ́là lóṣù: *Ìyá Ìbejì, ti san. Mummy Tósìn, ó ku 50. Bàbá Ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ọ̀la.* Ọkùnrin náà béèrè bóyá ẹnì kankan wà níbẹ̀ tó ní orúkọ bàbá. Àǹtí yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. Kò sí. Orúkọ Màmá fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

"Mà, èwo ni tiyín?"

Màmá fi ìka tọ́ ọ: *Ìyá Dókítà, ti kó.*

"Dókítà wo?"

Màmá fi ẹnu júwe ọmọ rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì sọ gbólóhùn kan láti àárọ̀ bú sẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yíjú wò ó. Ọ̀ràn bá tún di méjì: alájọ ní láti kọ lẹ́tà mìíràn pé Ìyá Dókítà tó wà nínú ìwé àti obìnrin tó wà nínú pásípọ́ọ̀tì, ẹnì kan náà ni wọ́n.

Wọ́n gbà á. Gbèsè wọlẹ̀.

Àǹtí wá jókòó, ó ṣàlàyé àkáùntì ABLE fún wọn. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọdún 26 lè ṣí i; láti 1 Oṣù Kìíní 2026, ó ti di 46. SSI kì í ka 100,000 dọ́là àkọ́kọ́ inú rẹ̀, mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ sì lè fi owó kún un, tí àròpọ̀ ọdún kan kò bá ti ju iye tí òfin gbà lọ́dún náà lọ; 19,000 dọ́là ni ní 2025. Ojú Màmá tàn.

"Ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún, wọn ò ní kà á? Àjọ tó ń bọ̀ dà síbẹ̀ nìyẹn!"

"Mummy," ni ọmọ náà wí láti orí àga, "tí ẹ bá ti fi síbẹ̀, tèmi ni o."

Màmá ní kí Àǹtí ka ibi tí wọ́n kọ ìyẹn sí fún òun.