Ta Ló Mọ̀, Ta Ni Kò Mọ̀?

Ọjọ́ Ẹtì, alẹ́

"Kí ló dé tí a fi ń fi Ìjàpá rẹ́rìn-ín, tí a kò sì lè fi Ọdẹ́wálé rẹ́rìn-ín?" Ọmọ SS2 kan ló bi mí bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì lónìí, nípa Ìjàpá inú àlọ́ àti Ọdẹ́wálé, ọba inú eré Ọlá Rótìmí, ìbéèrè náà kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Àírónì là ń kọ́, ìyẹn nígbà tí ohun tí a sọ tàbí tí a retí bá yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó wà nídìí rẹ̀. Ìwé ìdánwò pín in sí mẹ́ta: ti ọ̀rọ̀ ẹnu, ti ìṣẹ̀lẹ̀, àti ti orí ìtàgé, níbi tí òǹwòran ti mọ ohun tí ẹni inú eré kò mọ̀. Àwọn ọmọ ti há gbogbo rẹ̀ sórí. Ohun tí èmi ń fẹ́ ni pé níbikíbi tí wọ́n bá ti bá a pàdé, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè pé ta ló mọ̀, ta ni kò mọ̀.

Ti ọ̀rọ̀ ẹnu kò gba àkókò wa. Bí ọmọ bá fọ́ àwo, tí ìyá rẹ̀ ní "O káre, ẹ kú iṣẹ́ o!", ìyá mọ ohun tó ń sọ, ọmọ náà sì mọ̀ pé ìyìn kọ́.

Ìjàpá ló gbà wá ní ogún ìṣẹ́jú. Gbogbo wọn ló mọ àlọ́ náà. Babaláwo se àsèjẹ fún Yánníbo kó lè rí ọmọ bí, ó sì kìlọ̀ fún Ìjàpá pé kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu. Òórùn ọbẹ̀ ṣẹ́gun rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó jẹ ẹ́ tán, ikùn rẹ̀ wú. Ló bá sáré padà tòun ti orin: gbòǹgbò ló yọ òun tẹ̀ẹ̀rẹ̀, òun fọwọ́ kan ọbẹ̀, òun fi kan ẹnu. Àwa tí à ń gbe "alugbinrin" mọ̀ pé irọ́ ló ń pa. Òun náà mọ̀.

Ọdẹ́wálé ni kò mọ̀. Nínú eré Ọlá Rótìmí, The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1968, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àwa òǹwòran ti gbọ́ pé ọmọ tí ọba Adétùsà àti Ojúọlá bí yóò pa baba rẹ̀, yóò sì fẹ́ ìyá rẹ̀. Nígbà tí Ọdẹ́wálé dàgbà tó gbọ́ kádàrá yìí, ó rò pé àwọn tó tọ́ òun ló bí òun, ó sì sá kúrò lọ́dọ̀ wọn kí ibi má bàa dé bá wọn. Sísá yẹn ló gbé e dé oko nítòsí Ẹ̀dẹ, níbi tí òun àti àgbàlagbà kan ti jà nítorí iṣu, tó sì pa á, láìmọ̀ pé Adétùsà baba òun ni. Lẹ́yìn náà ló wá jọba Kutuje, tó sì fi Ojúọlá ṣe aya. Nígbà tí àìsàn bo ìlú, tí Ifá ní apààyàn tó pa ọba àná wà láàárín wọn, Ọdẹ́wálé fi Ògún búra pé òun yóò wá ẹni náà rí. Mo ka ibẹ̀ sókè fún wọn. Ọmọbìnrin kan níwájú kígbe pé, "Kábíyèsí, ẹ má búra!"

Igbe yẹn ni ìdáhùn. Ìjàpá mọ̀, ó ṣe é. Ọdẹ́wálé ń ṣe ohun tí ọmọ dáadáa àti ọba rere yóò ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń sún mọ́ ọ̀fìn. Síbẹ̀ Rótìmí kò dá a láre pátápátá. Ní ìparí, Ọdẹ́wálé fúnra rẹ̀ ló ní kí a má dá àwọn òrìṣà lẹ́bi: òun ì bá ti dá àgbàlagbà yẹn sí, ṣùgbọ́n ó tàbùkù sí ẹ̀yà òun. Ogun abẹ́lé ń jà lórílẹ̀-èdè wa lọ́dún tí eré náà kọ́kọ́ jáde. N kò lè ka ibẹ̀ kí n má rántí ìyẹn.

Ti ìṣẹ̀lẹ̀ ń kọ́? Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fẹ̀gún sọ́wọ́. Afọ̀njá ti Ìlọrin fẹ́ gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, ó pe Àlímì, àlùfáà Mùsùlùmí kan, àti àwọn jagunjagun rẹ̀ mọ́ra. Àwọn jagunjagun yẹn ló padà pa á, ọmọ Àlímì sì di ẹmíà Ìlọrin. Afọ̀njá fúnra rẹ̀ kò mọ̀ títí ó fi pẹ́ jù.

Ṣùgbọ́n orúkọ àbíkú ló wọ̀ mí lára jù. Ìyá ti sinkú ọmọ léraléra, ó wá bí òmíràn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Kòsọ́kọ́: kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ fún ọ mọ́. Tàbí Àkísàátán: kò sí àkísà tí a ó fi wé ọ. Ọ̀rọ̀ ẹni tí nǹkan ti sú ni, ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá mọ̀, baba mọ̀, aládùúgbò mọ̀. Ọmọ náà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run nìkan ni a fẹ́ kí wọ́n gbà á bí a ṣe sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, síbẹ̀ ó ní òǹwòran bíi ti orí ìtàgé, n kò sì rí apá tó lè gbà á nínú mẹ́ta tí ìwé ìdánwò pín. Orúkọ yìí ni ọba tó jẹ l'Ékòó láti 1845 sí 1851 ń jẹ́. Kòsọ́kọ́ yẹn kò kú lọ́mọdé.

Iṣẹ́ tí mo fún wọn di ọjọ́ Ajé ni kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé, bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, àti ta ló sọ ọ́.