Ọlọ́run Tó Fún Mi Lẹ́nu Láti Béèrè

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ bá mi gbé Jésù ga! Mo dúpẹ́ pé mo wà láàyè, mo dúpẹ́ pé orí mi pé, mo dúpẹ́ pé iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ mi. Ti iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ sọ, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ló bá mi gbàdúrà láìmọ ohun tó ń ṣe mí.

Kaṣíà ni mí ní báńkì kan nínú ìlú Iléṣà yìí. Ẹ rántí ìgbà ọ̀wọ́n owó, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí ìjọba ní ká kó 200, 500 àti 1,000 náírà àtijọ́ wá sí báńkì, tí tuntun kò sì kárí. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí èrò á ti kún ẹnu géètì wa. Àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn ìyá ọlọ́jà láti Àtakúnmọ́sà, ẹni tó fẹ́ sanwó ilé ìwòsàn, ẹni tó fẹ́ ra gààrí lásán, gbogbo wọn ló ní owó lọ́dọ̀ wa, a ò sì rí i fún wọn. Wọ́n ń ṣépè, wọ́n ń fọwọ́ gbá gíláàsì iwájú mi, àwọn míì ń sunkún bí ọmọdé. Mi ò bá wọn wí. Owó wọn ni. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún náà, ìlú sì rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ara tèmi kò rọ̀.

Bí mo bá ti jókòó sídìí káńtà báyìí, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Òógùn á bò mí nínú ẹ̀rọ amúlétutù. Ọwọ́ mi á máa gbọ̀n débi pé mi ò lè ka owó, èémí mi á há. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣe mí, mo ti ń pe orúkọ àwọn ọmọ mi nínú ọkàn mi, mo rò pé ó parí. Á le fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀, á wá ku kí n máa bẹ̀rù ìgbà tó tún máa dé. Ìbẹ̀rù yẹn ló burú jù. Kò jẹ́ kí n sùn, kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun mi, kódà nínú ìsìn ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mò ń wò.

Ìyá Ìjọ wa ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn, Mà. Ẹ gbàdúrà fún mi, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ mú mi lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild. Ẹ kò sọ fún mi pé kí n yan ọ̀kan nínú àdúrà àti oògùn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn mi ṣe ń lù, wọ́n wo tírọ́ìdì tó wà lọ́rùn mi, torí òun náà lè mú kí àyà máa já bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dára. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kí n lọ rí àwọn dókítà ọpọlọ.

Màmá mi bú sẹ́kún nígbà tí wọ́n gbọ́. Wọ́n ní ta ló fẹ́ sọ ọmọ àwọn di wèrè. Dókítà fún wọn ní àga, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé pé ìpayà tó ń ṣe mí kì í ṣe wèrè, pé ó ní oògùn, ó sì ní ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe. Ó sọ fún wọn nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, àti ètò tó dá sílẹ̀ ní Àró ní 1954, tí àwọn aláìsàn ọpọlọ ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láàárín àwọn ará abúlé tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú. Wọn ò tì wọ́n mọ́lé. Màmá mi nu ojú wọn, wọ́n ní, “Dókítà, ṣé ó ṣì lè máa lọ síbi iṣẹ́ báyìí?” Dókítà ní mo lè máa lọ, àmọ́ kí ibi iṣẹ́ gbà mí láyè díẹ̀.

Àyè yẹn ni mo lọ béèrè. Ọ̀gá tó wà lórí wa nígbà náà ní ṣé mo fẹ́ kí kọ́sítọ́mà gbọ́ pé ẹni tí orí rẹ̀ kò pé ló ń ka owó wọn ni. Ó ní kí n yan ọ̀kan, káńtà tàbí kí n fiṣẹ́ sílẹ̀. Mo délé, mo gbé bébà jáde láti kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀.

Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló pè lálẹ́ ọjọ́ náà. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ nǹkan kan o.” Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, òfin ti wà láti ọdún 1990: ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè, bí ẹni tí àìlera ń bá fínra bá béèrè àyípadà tó mọ níwọ̀n kó lè ṣiṣẹ́ rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é, àfi tó bá máa kó ìnira ńlá bá iṣẹ́ náà. Ó wá bi mí léèrè: “Kí ni ẹ fẹ́ gan-an tí wọ́n bá ní kí ẹ sọ?” Ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Èmi pẹ̀lú dókítà la jọ wá ìdáhùn.

Nàìjíríà kì í ṣe Amẹ́ríkà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní ọdún 2023, nígbà tí gbogbo wa ń sáré owó kiri, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ tuntun, èyí tó rọ́pò òfin 1958 tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Òfin tuntun yìí lòdì sí kí a máa fi àìsàn ọpọlọ ya èèyàn sọ́tọ̀. Dókítà ló sọ fún mi. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni kò gbọ́ ọ rárá, ó sì ń dùn mí.

Lẹ́tà tí dókítà kọ kò gùn. Kò to àìsàn mi lẹ́sẹẹsẹ, kò sọ orúkọ oògùn mi, torí ó ní ìyẹn kò kan báńkì. Ohun tó kọ ni pé mo wà lábẹ́ ìtọ́jú, pé mo lè ṣiṣẹ́, àti ohun tó máa ràn mí lọ́wọ́: kí n máa ṣe iṣẹ́ ìwé lẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀, kí n máa wá sí káńtà fún wákàtí péréte láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀, kí n lè dìde lọ mí síta fún ìṣẹ́jú mélòó kan láìtọrọ àyè, kí wọ́n fún mi láyè lọ́jọ́ tí mo bá ní kíníìkì, kí a sì jọ tún un wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Èmi ti fẹ́ kí wọ́n gbé mi kúrò ní káńtà pátápátá. Dókítà kọ̀. Ó ní ohun tí èèyàn bá ń sá fún, ẹ̀rù rẹ̀ ń pọ̀ sí i ni, pé díẹ̀díẹ̀ ni kí n máa padà síbẹ̀.

Mo fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí oríkò báńkì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Wọn ò dáhùn. Mo tún kọ. Bàbá mi àgbà fi òwò òṣómàáló kọ́lé, wọ́n ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó wọn á fi jáde. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lóṣòó ti lẹ́tà yẹn, láìbínú, láìpariwo. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan pè mí láti oríkò, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní àwọn ti kà á, kò sí ohun kankan níbẹ̀ tí kò ṣeé ṣe. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá ìkówèésí.

Oògùn náà kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó rí ìyàtọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkejì mi ní káńtà tó gba èrò ọ̀sán mọ́ra fún mi láìkùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá gáàdì wa, tó jẹ́ pé tí mo bá ti jáde síta, wọ́n á kàn gbé àga fún mi sábẹ́ igi, wọn ò ní bi mí ní nǹkan kan. Lónìí mo ti padà sí káńtà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àyà mi ṣì máa ń já nígbà míì, mo ṣì ń lo oògùn, mo sì ṣì ń lọ sí kíníìkì. Mi ò lè purọ́ níwájú Ọlọ́run pé ó ti lọ pátápátá.

Lẹ́yìn tí mo padà, ẹni méjì níbi iṣẹ́ ti rọra wá bá mi pé ó ń ṣe àwọn náà. Bí ó bá ń ṣe ẹnikẹ́ni níbí, ẹ̀dà lẹ́tà náà wà nínú àpò mi. Mo ti bo orúkọ dókítà àti ti báńkì. Ẹ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, ká jọ jókòó kọ tiyín.