Àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún ojúnà pọtasíọ́mù: ibi tí iṣẹ́ dé

Ẹ̀kọ ìpele kìíní ti gbẹ lórí aṣọ. Aṣọ òwú funfun ni, mo rán abala méjì pọ̀ bí àwọn ìyá wa ní Ìtòkú ṣe máa ń rán an, mo wá pín in sí àpótí onígun mẹ́rin. Ohun tí mo ń yà sí i ni ojúnà tí pọtasíọ́mù ń gbà jáde nínú sẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú àwọn tó ń darí rẹ̀: àwọn púrótéènì tó ń fara tì í àti àwọn mólékù kéékèèké, oògùn pàápàá, tó ń dì mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ àwòrán tí mo ti rí ló ya ojúnà náà ní òun nìkan, bí ẹni pé ó ń dá ṣe é. Kì í dá ṣe é. Ẹni tó fara tì í ló ń sọ bóyá yóò tètè ṣí tàbí yóò falẹ̀, bóyá yóò tilẹ̀ ṣí rárá. Èyí ni mo fẹ́ kí aṣọ náà sọ.

Láfún ni mo fi ro ẹ̀kọ, mo sì fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i kó má baà tètè ṣí kúrò nínú aró. Ìyẹ́ adìẹ ni mo fi ń fa ìlà, ẹyọ ìgbálẹ̀ ni mo fi ń to àwọn àmì wẹ́wẹ́.

Àpótí àárín

Òun ló gba àkókò jù. Tí a bá wo ojúnà pọtasíọ́mù láti òkè, ẹ̀yà 4 ló pagbo yí ihò kan ká, nítorí náà ó bá àpótí onígun mẹ́rin mu dáadáa. Ní 1998 ni Roderick MacKinnon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìtànṣán X-ray fi ìrísí KcsA hàn, ìyẹn ojúnà pọtasíọ́mù ti bakitéríà kan, iṣẹ́ yẹn ló sì mú un gba ìpín nínú ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní 2003. Níbi tí ihò náà ti há jù, pọtasíọ́mù ń bọ́ omi tó yí i ká sílẹ̀, ọ́síjìn 8 láti ara ògiri ihò a sì gba ipò omi náà. Sódíọ́mù kéré sí i: láti àárín rẹ̀ dé etí jẹ́ 0.95 angstrom (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ohun tó kéré bẹ́ẹ̀), ti pọtasíọ́mù jẹ́ 1.33. Ọ́síjìn ògiri náà kò lè gbá sódíọ́mù mọ́ra bó ṣe yẹ, kò sì ní ìdí láti fi omi tirẹ̀ sílẹ̀.

Mo to àmì 8 yí róbótó pọtasíọ́mù kọ̀ọ̀kan ká. Ẹ̀kọ tó ṣì gbóná máa ń ṣàn, àmì méjì a dì pọ̀ di ọ̀kan, àmì 8 a wá di 7. Mo máa ń jẹ́ kó tutù títí yóò fi ki, tí yóò fi dúró lẹ́nu ẹyọ ìgbálẹ̀ láìkán, kí n tó fi kan aṣọ. Ẹni tó bá kà á gbọ́dọ̀ bá 8 níbẹ̀.

KCNQ1 àti KCNE1

Ibi tí ọkàn mi wà jù nìyí. KCNQ1 jẹ́ ojúnà pọtasíọ́mù kan tó wà nínú ọkàn, ó sì wà nínú etí. Tó bá dá wà, ó máa ń tètè ṣí. Tí púrótéènì kékeré kan tó ń jẹ́ KCNE1 bá fara tì í, á falẹ̀ gan-an kó tó ṣí, ṣùgbọ́n tó bá ṣí tán, pọtasíọ́mù tó ń gba ibẹ̀ kọjá á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 1996 ni àwọn ẹgbẹ́ olùwádìí méjì fi hàn pé àwọn méjèèjì ló para pọ̀ ṣe ohun tí àwọn onímọ̀ ọkàn ń pè ní IKs, èyí tó wà lára ohun tó ń dá ọkàn padà sí ìsinmi lẹ́yìn lílù kọ̀ọ̀kan. Amino acid, ìyẹn àwọn ègé tí wọ́n to pọ̀ di púrótéènì, 129 péré ni KCNE1 ní, KCNQ1 ní 676. Kékeré ló ń darí ńlá. Ọmọ tó bá jogún àbùkù ọ̀kan nínú wọn lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá kì í gbọ́ràn, ọkàn rẹ̀ sì lè ṣì lù lójijì. Jervell àti Lange-Nielsen ló kọ́kọ́ kọ nípa irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ní Norway, ní 1957.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ ya ìfàlẹ̀ sára aṣọ? Mo gbé e lọ bá ìyá tó kọ́ mi ní aró. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ kí ojú rí i pé ohun kan ń pẹ́ kó tó ṣí.” Wọ́n tẹ́ aṣọ náà sórí ẹsẹ̀, wọ́n wò ó títí.

“Ṣebí aró náà ń pẹ́. Rì í lẹ́ẹ̀kan, sá a, kó o wá fi ẹ̀kọ bo ibi tó o fẹ́ kó dúró ní àyìnrín. Rì í sí i, bo òmíràn. Ibi tó ò bò rárá ló máa dú jù.”

Ọ̀rọ̀ wọn ló yanjú rẹ̀. Ojúnà tó dá wà, funfun lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ní KCNE1, ọ̀wọ́ ẹnu ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: àkọ́kọ́ dú kirikiri, èyí tó tẹ̀ lé e ní àwọ̀ aró tó jìn, òmíràn àyìnrín, èyí tó gbẹ̀yìn funfun, òun ló sì fẹ̀ jù. KCNE1 fúnra rẹ̀ yóò jẹ́ àyìnrín níbi gbogbo, láàárín ẹ̀yà kan àti èkejì, nítorí ibẹ̀ gan-an ló máa ń wọ̀ sí.

Mélòó ni kí n yà sí ojúnà kan? Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀: àwọn kan ní 2 ni, àwọn mìíràn ní ó lè tó 4. Mo ya 2 sí àpótí kan, mo ya 4 sí èkejì, mo sì gbé wọn dojú kọ ara wọn.

Àwọn àpótí oògùn

Glibenclamide rọrùn láti yà. Àwọn àgbà ilé wa tó ní àtọ̀gbẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ojúnà tó ń tì wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlíìnì: púrótéènì Kir6.2 mẹ́rin wà láàárín, púrótéènì SUR1 mẹ́rin yí wọn ká. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ATP, mólékù tó ń gbé agbára fún sẹ́ẹ̀lì, á pọ̀ nínú rẹ̀, á dì mọ́ Kir6.2, ojúnà á tì, kálísíọ́mù á wọlé, ínsúlíìnì á sì jáde. Glibenclamide kì í wọ inú ihò: ara SUR1 ló ń dì mọ́, láti ibẹ̀ ló ti ń ti ojúnà náà. Diazoxide, oògùn mìíràn tó ń gba ara SUR1 kan náà ṣiṣẹ́, ń ṣí i ní tirẹ̀. Mo ya méjèèjì.

Àpótí hERG, ojúnà pọtasíọ́mù mìíràn nínú ọkàn, ló ń já mi láyà. Ihò rẹ̀ fẹ̀ nínú, amino acid méjì níbẹ̀, tyrosine 652 àti phenylalanine 656, sì máa ń dì mọ́ oògùn tí kò tilẹ̀ bá ibẹ̀ wá. Torí èyí ni wọ́n ṣe kó terfenadine, oògùn ara yíyún, kúrò lọ́jà Amẹ́ríkà ní 1998. Halofantrine, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Halfan nígbà tí wọ́n ń fi í wo ibà, ń dí ojúnà yìí kan náà. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ra oògùn láìbi ẹnikẹ́ni mọ̀ pé oògùn ibà lè ba ìlù ọkàn jẹ́.

Retigabine ní tirẹ̀ ń ṣí ojúnà. Oògùn wárápá ni, 2011 ló gba àṣẹ. Tryptophan 236, amino acid kan lára KCNQ2, ojúnà pọtasíọ́mù ti ọpọlọ, ló ń dì mú. KCNQ1 ti ọkàn kò ní tryptophan níbẹ̀, nítorí náà oògùn náà kì í ṣí i: amino acid kan péré ló ya ọpọlọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkàn. Àmọ́ awọ ara, ètè àti èékánná àwọn kan tó lò ó pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í di aró, àwọ̀ náà sì dé inú ojú. Ní 2017 ni wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Aláró ni mí, mo sì dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́. Mi ò ní fi ẹ̀kọ kankan bo etí àpótí náà. Kó mu aró débi tó bá lè mu ún dé.

Ohun tó kù

Rírì àkọ́kọ́ ló kàn. Bí aṣọ bá ti jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró, nítorí náà mi ò ní kánjú rì í padà. Tó bá gbẹ, KCNE1 ni màá kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ bò, lẹ́yìn náà àwọn ẹnu ọ̀nà náà níkọ̀ọ̀kan. Mo ṣì ní láti ya púrótéènì calmodulin sísàlẹ̀ KCNQ1, torí òun náà ń fara tì í láti inú sẹ́ẹ̀lì, àyè tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ kò sì ju ìbú ìka méjì lọ.