Kì í ṣe gbogbo aṣebi ni “wicked”

Bí ẹ bá jókòó ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ lẹ́tà ní Alágbàkà, ní Àkúrẹ́ níbí, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń ru ẹrù gbogbo ìwé ẹ̀sùn: “wicked”, “evil” àti “heartless”. Onílé tí kò tún ṣáláńgá ṣe, “wicked”. Ọlọ́kadà tó gbá ewúrẹ́, “wicked”. Ẹni tó kó owó àjọ sá lọ, òun náà “wicked”. Ohun tó fà á ò ṣòro: “ìkà” ló wà lẹ́nu gbogbo wa, “ìkà” sì gbòòrò. Bí a bá ń fẹnu sọ ọ́, ohùn wa àti ojú tí a fà ro ló ń sọ bí ìkà náà ṣe tó. Lẹ́tà kò ní ohùn. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ka “wicked” ti mọ̀ pé inú ń bí yín, kò tíì mọ ohun tí onítọ̀hún ṣe.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè tó ń ya ọ̀rọ̀ ẹ̀bi sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni pé, kí ló wà lọ́kàn ẹni náà nígbà tó ń ṣe é? Ẹ jẹ́ ká fi kòkó ṣe àpẹẹrẹ, ṣebí Oǹdó la wà. Àgbẹ̀ kan gbé àpò kòkó tó jẹ́ kílò 64 wá, ìwọ̀n ẹni tó fẹ́ rà á sì pè é ní 61. Kílò 3 ti wọgbó. Lórí 20 àpò, kílò 60 nìyẹn, ó kù díẹ̀ kó pé odindi àpò kan.

Bí ẹni tó ń rà á kò bá yẹ ìwọ̀n rẹ̀ wò láti èṣí, tí kò sì mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, “negligent” ni. Ó yẹ kó mọ̀, kò wá a mọ̀. “Careless” sún mọ́ ọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú ilé nìyẹn, ẹ lè lò ó fún ọmọ tó da omi nù. Ojúṣe wà nínú “negligent”. Bí àwọn èèyàn bá ti wí fún un pé ìwọ̀n yẹn ò jọ èyí tó péye mọ́, tó ní “ẹ fi í sílẹ̀ jàre”, tó ń wọn kòkó lọ, ó ti kúrò ní “negligent”, ó ti di “reckless”: ó rí ewu, ó dágunlá. Bó bá wá jẹ́ pé òun gan-an ló fọwọ́ ara rẹ̀ yí ìwọ̀n náà, “dishonest” ti dé, lọ́yà yóò sì kọ “fraudulent”, nítorí ó tan èèyàn kó lè jèrè. Ọmọṣẹ́ tó mọ̀ pé ọ̀gá òun ti yí i, tó sì ń bá a gbé àpò sórí rẹ̀, “complicit” ni tirẹ̀. Kílò 3 kan náà ni àgbẹ̀ pàdánù nínú gbogbo rẹ̀ o.

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Bí ẹ bá pe ẹni tí kò yẹ ìwọ̀n wò ní “fraudulent”, ẹ ti la ọ̀nà fún un láti sá: kó ṣáà ti fi hàn pé òun ò mọ̀, ẹ̀sùn yín ti wó. Ó tún lè pè yín lẹ́jọ́ pé ẹ bà á lórúkọ jẹ́.

“Callous” ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ Látìn fún awọ ara tó le ló ti wá, irú èyí tó ń hù ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ti ń di àdá mú tipẹ́, tí ẹ̀gún ò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún mọ́. Ọ̀dájú gan-an nìyẹn: ó ń rí ìyà tó ń jẹ ẹlòmíì, kò tu irun kan lára rẹ̀. “Cruel” ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni òǹrorò tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ èèyàn níyà. “Wicked” wà fún ẹni tó mọ ibi, tó yàn án. Bí ẹ bá ti ná an sórí ewúrẹ́, kí lẹ fẹ́ pe apànìyàn?

Ẹ ṣọ́ra fún “guilty”. Ilé ẹjọ́ ló ń sọ ọ́, nínú ẹjọ́ ọ̀daràn. Nínú ẹjọ́ gbèsè tàbí ti ilẹ̀, “liable” ni wọ́n ń lò. Abala 36(5) nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé aláìjẹ̀bi ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn títí ẹ̀bi rẹ̀ yóò fi hàn, ìdí nìyẹn tí “alleged”, ìyẹn ohun tí wọ́n sọ pé ó ṣe tí a kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, fi ń pọ̀ nínú ìwé ìròyìn. “Culpable” kò ju pé ẹ̀bi kàn án lọ. Òfin ìhà Àríwá ní “culpable homicide”. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, “murder” àti “manslaughter” ni.

“Heinous” wà fún ìwà ọ̀daràn tó burú kọjá sísọ. “Hé-nọs” la ń pè é, kì í ṣe “hí-nọs”. “Egregious” dára fún àṣìṣe tó hàn gbangba láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Láyé àtijọ́ oríyìn ni, ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà náà ni ẹni tó yọ láàárín agbo.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n yí padà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́nu Òyìnbó, “naughty” àti “mischievous” jẹ́ ti ọmọ tó ń ṣe jàgídíjàgan díẹ̀, ẹ̀rín tilẹ̀ lè wà nínú rẹ̀. Olóṣèlú tiwa ń kọ “mischievous” fún irọ́ tó lè fọ́ ìlú. “Silly” ńkọ́? Lọ́dọ̀ wọn, àwàdà ni. Ẹ lọ pe àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ ní Ọjà Ọba kẹ́ ẹ wò ó.

Ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń tẹ̀lé wọn náà ń da lẹ́tà rú: “accused of”, kì í ṣe “accused for”, “charged with”, “guilty of”, “liable for”, “complicit in”.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìsí èébú kankan nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá orúkọ fún un. Fún kòkó yẹn: “The scale showed 61 kg for a 64 kg bag. We told him, and he kept using it.” Lẹ́yìn èyí, “reckless” ẹyọ kan ti tó.