Ta ló gba kí ni lára Hurst Park?

Bẹ́ ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì 411 láti Kingston lọ sí West Molesey ní Surrey, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé lẹ ó máa rí lọ bẹẹrẹ. Ibẹ̀ ni mo ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà lójúlé. Ẹnikẹ́ni ò kọ́kọ́ sọ fún mi pé orí pápá eré ẹṣin ni mò ń rìn kiri.

Moulsey Hurst ni wọ́n ń pe ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, pápá gbalasa létí odò Thames. Wọ́n gbá kíríkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, àwọn akànṣẹ́ lu ara wọn níbẹ̀, ẹṣin náà sáré. Ní 1890 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bíi pápá eré ẹṣin, wọ́n pè é ní Hurst Park.

Èyí tó wù mí jù nínú ìtàn ẹ̀ ni ti oṣù kẹfà 1913. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jà kí wọ́n lè dìbò. Ní ọjọ́ 4, Emily Davison, ọ̀kan nínú wọn, já wọ àárín eré ẹṣin Derby ní Epsom, ẹṣin ọba gbá a ṣubú. Ọjọ́ 8 ló kú. Lóru ọjọ́ yẹn náà ni Kitty Marion, òṣèré tí wọ́n bí ní Jámánì, àti Clara Giveen, tí àwọn náà wà nínú ìjà yẹn, gbé epo àti ògbólógbòó kápẹ́ẹ̀tì lọ sí Hurst Park. Kápẹ́ẹ̀tì kẹ̀? Wọ́n tẹ́ ẹ sórí wáyà ẹlẹ́gùn-ún, wọ́n gorí ẹ̀ kọjá, wọ́n sì dáná sun ilé òǹwòran. Ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ni adájọ́ dá fún wọn. Kitty ò jẹun lẹ́wọ̀n, wọ́n sì ń fi túláàsì rọ ọ́ lóúnjẹ. Ó ju ìgbà 200 lọ.

Wọ́n tún ilé òǹwòran kọ́. Iná ò rí pápá náà gbé ṣe, owó ilẹ̀ ló rí i gbé ṣe. Oṣù kẹwàá 1962 ni wọ́n sáré kẹ́yìn, ni wọ́n bá pín in bí ẹran iléyá. Koríko ẹ̀ gan-an, wọ́n ṣí i nílẹ̀, wọ́n kó o lọ sí pápá eré ẹṣin Ascot, wọ́n fi tẹ́ ibi tí ẹṣin á ti máa fo igi, tí wọ́n ṣí ní 1965. Triumph Hurdle, eré ẹṣin tí wọ́n máa ń sá níbẹ̀, di ti pápá Cheltenham. Ọ̀kan nínú àwọn ilé òǹwòran, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Mansfield Town ló rà á, wọ́n lọ tò ó sí pápá tiwọn. Àwọn kọ́lékọ́lé ló gba ilẹ̀.

Ọmọ Èkó ni mí, n ò lè bú wọn. Rés Kọ́ọ̀sì tiwa, níbi tí wọ́n ti ta àsíá òmìnira ní 1960, Tafawa Balewa Square ló dà. Àwa kàn rántí gbé ère ẹṣin sẹ́nu géètì ni.

Mo bi màmá òyìnbó kan tí mò ń tọ́jú bóyá ó máa ń ṣàárò pápá náà. Ó ní kí ló fẹ́ ṣàárò sí, ṣé owó ilé tí ọkọ òun ń kó lọ fi ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀?